Ẹsẹ̀ Tí Ó Ń Gbé Ẹrù Wa: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtọ́jú Bọ́ọ̀sì Akẹ́rù Ẹgbẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn alábẹ̀wò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sọ ní Agége)

Ẹ̀yin awakọ̀ ẹgbẹ́ tí ẹ jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ̀yin ni mo ń kí jù lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ yín ni mo bá wá.

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ yín ti rò pé ìwé ìṣirò owó ni n ó tún gbé dé. Ẹ kò ṣìnà púpọ̀. N kì í ṣe mẹkáníìkì. Ìwé-ẹ̀rí tí mo gbà ní ilé-ẹ̀kọ́ pólì, lórí ìṣirò owó àti ìṣàkóso ẹgbẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ nípa sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì àti táyà, inú ìwé ìnáwó ni mo ti kọ́kọ́ rí i, mo sì rí i pẹ́ kí ó tó yé mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá.

Agége kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ àjọṣe. Ní ọdún 1907 ni àwọn àgbẹ̀ ibí ti dá Agege Planters' Union sílẹ̀, J. K. Coker, ẹni tí oko kòkó rẹ̀ wà ní Ìjọn, jẹ́ ọ̀kan gbòógì nínú wọn. Òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kò tíì sí ní Nàìjíríà nígbà náà. Ọdún 1935 ni òfin yẹn tó jáde. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rẹ̀ láti Èkó ní 1896, tí wọ́n sì ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, gba Agége kọjá, òun ló sì mú kí ọjà súnmọ́ oko. Lẹ́yìn kòkó ni búrẹ́dì dé. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí ó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní 1913, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta ní 1921. Lónìí, ta ni kò mọ búrẹ́dì Agége? Títí dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni àwọn ọmọ wa ti ń rà á jẹ. Ṣé ẹ rí i, láti ìgbà kòkó títí di ìgbà búrẹ́dì, ohun kan kò yí padà: ọjà tí a kò bá rí gbé, ọjà òfò ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìtàn kan. Ẹgbẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì kan wà lára àwọn ẹgbẹ́ tí mò ń bẹ̀ wò. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí ènìyàn rere ni wọ́n, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ sí wọn lè ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ yòówù tí ó wà níhìn-ín. Wọ́n fi owó ìpín wọn ra bọ́ọ̀sì akẹ́rù tòkunbọ̀ kan. Ní ìdájí, ó ń gbé búrẹ́dì lọ fún àwọn oníbàárà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó ń lọ kó fúláwà wá láti Àpápá, nítorí pé bí wọ́n bá pawọ́ pọ̀ rà á, owó rẹ̀ dín.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú àkókò òjò, ọkọ̀ náà ń ti Àpápá bọ̀, ọgbọ̀n àpò fúláwà ló wà nínú rẹ̀. Ó ti kọjá Ìkẹjà, ó wà lójú ọ̀nà mọ́tò Agége. Dánfó kan tó wà níwájú dúró lójijì láti já èrò. Awakọ̀ wa tẹ bíréèkì. Táyà iwájú méjèèjì gan, ọkọ̀ ń yọ̀ lọ tààrà lórí omi. Ó yí sítíárìnì kí ó lè yẹ dánfó náà, ọkọ̀ kò dá a lóhùn. Nígbà tí yóò fi dá a lóhùn, ó ti pẹ́ jù. Ọkọ̀ ti forí sọ gọ́tà. Ọmọ ọkọ̀ bọ́ láìfarapa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún awakọ̀ dá sí ọ̀nà méjì. Fúláwà di lẹ́ẹ̀lẹ́ẹ̀ nínú gọ́tà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà jókòó. Wọ́n ní eré àsápajúdé ni awakọ̀ ń sá. Wọ́n pinnu pé kí wọ́n máa yọ owó fúláwà nínú owó oṣù rẹ̀ títí yóò fi pé. Wọ́n ní kí n wá fi ọwọ́ sí i.

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní ìwé ìnáwó àti ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé. Mo rí i pé láàárín oṣù mẹ́wàá, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ti ra bíléèdì kún sípíríǹgì ẹ̀yìn, tí wọ́n sì san owó wẹ́dà lé e. Wọn kò ra ṣọ́ọ̀kì kankan láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dé. Wọn kò ra búṣíǹgì. Táyà tí wọ́n rà, ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni, nítorí ó dín owó. Nínú ìwé ìpàdé, mo rí gbólóhùn yìí: “Dírẹ́bà ní sítíárìnì ti fúyẹ́ jù bí ẹrù bá wà nínú ọkọ̀. Ìgbìmọ̀ ní kí ó máa rọra wà á.” Wọ́n sì kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ èyí tí ó dùn mí jù. Ìwé yìí kò ṣàjèjì sí mi. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti ka gbólóhùn yẹn, mo sì ṣí ojú ìwé tó tẹ̀lé e. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò pé ìnáwó àtúnṣe ọkọ̀ wọn kéré, kí àwọn ẹgbẹ́ yòókù máa wo àpẹẹrẹ wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí sì wọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe mú mẹkáníìkì àgbà kan lọ síbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí, tí mo ní kí ó fi gbogbo rẹ̀ hàn mí. Ohun tí ó kọ́ mi, àti ohun tí mo ti kà kún un láti ìgbà náà, ni mo fẹ́ pín fún yín.

Èkíní, ìwọ̀n ẹrù. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye tí ó gbọ́dọ̀ wọ̀n pátápátá, tòun ti ẹrù tòun ti ènìyàn. Ó máa ń wà lára pátákó kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, tàbí nínú ìwé ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Ká ní pátákó sọ pé kílò 2,800 ni gbogbo rẹ̀, tí òfìfo ọkọ̀ sì jẹ́ kílò 1,700. Ohun tí ó kù jẹ́ kílò 1,100. Awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ méjì, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá wọ̀n ní kílò 70, wọ́n ti kó 210 lọ. Ó ku 890. Àpò fúláwà kan jẹ́ kílò 50. Àpò 17 péré ni ọkọ̀ yẹn lè gbé. Ọgbọ̀n àpò jẹ́ kílò 1,500. Ẹ ti fi kílò 610 lé e lórí. Ìwọ̀n tí bíréèkì gbọ́dọ̀ dá dúró ti fi ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, bíréèkì kò sì tóbi sí i.

Èkejì, sípíríǹgì. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì akẹ́rù wa, sípíríǹgì ẹlẹ́wé ló wà lẹ́yìn wọn, irin pẹlẹbẹ tí a tò léra, èyí tí a ń pè ní bíléèdì. Bí ẹrù bá ń mú ẹ̀yìn ọkọ̀ wọlẹ̀, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni kí a fi bíléèdì kan kún un. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀. Bí bíléèdì mẹ́rin bá wà tẹ́lẹ̀, tí ẹ fi ẹyọ kan irú rẹ̀ kún un, líle rẹ̀ yóò fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé sí i. Bí èyí tí ẹ fi kún un bá nípọn ju tàwọn tó kù lọ, ọ̀rọ̀ yóò burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí nínípọn irin ni líle rẹ̀ ń tẹ̀lé jù. Bíléèdì kan tí ó nípọn ní mílímítà 9 le ju méjì tí ó nípọn ní mílímítà 7 lọ, bí gígùn àti fífẹ̀ wọn bá dọ́gba. Ìdí nìyí tí bíléèdì ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n gé wá láti ọjà fi lè sọ bọ́ọ̀sì di pákó. Nígbà tí ẹrù kò sí nínú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò máa fò bí ewúrẹ́ lórí gbogbo kòtò. Táyà tí kò tẹ ilẹ̀ kò lè dá ọkọ̀ dúró. Búrẹ́dì yóò rún, ẹyin yóò fọ́, ibi tí sípíríǹgì ti so mọ́ ṣáásì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

Bákan náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà fi iná yọ́ sípíríǹgì láti tún un tẹ̀. Wọ́n ti fi iná àti ìtútù fún irin náà lágbára nígbà tí wọ́n ṣe é. Iná wẹ́dà yóò gba agbára yẹn lára rẹ̀, yóò sì kán níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù. Lára àwọn bọ́ọ̀sì akẹ́rù kan, Toyota wà nínú wọn, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tí ń pín agbára bíréèkì. Bí ẹrù bá mú ẹ̀yìn wọlẹ̀, ọ̀pá yẹn yóò yí, ẹ̀rọ náà yóò sì mọ̀ pé ẹrù wà níbẹ̀. Yóò jẹ́ kí agbára bíréèkì tó pọ̀ dé ẹ̀yìn. Bí ẹ̀yìn bá ga, yóò rò pé òfìfo ni ọkọ̀, yóò dín bíréèkì ẹ̀yìn kù. Ẹ wo ohun tí a ṣe! A fi bíléèdì mẹ́ta gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, a wá kó ọgbọ̀n àpò sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń rí ẹ̀yìn gíga, ó ní kò sí ẹrù. Táyà iwájú nìkan ló wá ń bá gbogbo fúláwà yẹn jà lójú omi. Ìyẹn ni wọ́n ṣe gan. Táyà iwájú tí ó bá sì ti gan, tí kò yí mọ́, sítíárìnì kò lè darí rẹ̀. Kì í ṣe eré sísá ni awakọ̀ fi ṣẹ̀. Àwa la ti pa bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ṣọ́ọ̀kì. Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù. Ṣọ́ọ̀kì kì í gbé ẹrù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dá ìfòsókè-fòsódò sípíríǹgì dúró. Epo wà nínú rẹ̀ tí ó ń gba ojú ihò kékeré kọjá, ìnira yẹn ló ń sọ ìfò di ooru. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ti ìrìn gígùn dé lórí ọ̀nà tí kò dán, tí ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta gbóná díẹ̀, tí ọ̀kan tutù, ó ṣeé ṣe kí èyí tó tutù ti kú. Ẹ tún lè fi ọwọ́ tẹ igun ọkọ̀ kan wọlẹ̀ gidigidi, kí ẹ sì fi sílẹ̀. Bí ó bá dìde tó sì dúró, ó dára. Bí ó bá ń jó lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ wá òmíràn. Bí epo bá ń rin ín lára, ẹ má ṣe dúró de àyẹ̀wò mìíràn. Méjì méjì ni a sì ń pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀tún àti òsì papọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, búṣíǹgì àti yúbóòtù. Rọ́bà kékeré ni búṣíǹgì, owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti jẹ, ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò máa yà síhìn-ín sọ́hùn-ún fúnra rẹ̀, awakọ̀ yóò sì máa rò pé sítíárìnì ló bàjẹ́. Yúbóòtù ló dì sípíríǹgì mú mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá tú u tí wọ́n tún un dè, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un fún lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ọkọ̀ ti ṣiṣẹ́, nítorí ó máa ń dẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, táyà. Ilé-iṣẹ́ Dunlop tí ó wà ní Ìkẹjà níbí dá ṣíṣe táyà dúró ní 2008. Láti ìgbà náà, ohun tí ọkọ̀ òkun gbé wá ni à ń rà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà kí ẹ tó sanwó. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀: bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ lẹ́tà C tẹ̀lé ìwọ̀n rẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé ti ọkọ̀ akẹ́rù ni. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò nípọn tó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, yóò máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún ní kọ́nà, yóò gbóná, yóò sì bẹ́. Kí awakọ̀ ní géèjì tirẹ̀, kí ó wọn atẹ́gùn ní òwúrọ̀ kí táyà tó gbóná. Ẹ má fi ojú lásán wọ̀n ọ́n.

Èkeje, bí a ṣe ń di ẹrù. Gbogbo wa la ti gun jangirọ́fà rí nígbà èwe. Bí ẹrù tó wúwo bá wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn pátápátá, yóò gbé iwájú ọkọ̀ sókè. Ìyẹn ni sítíárìnì tó fúyẹ́ tí awakọ̀ yẹn sọ fún ìgbìmọ̀. Kí ẹrù wúwo wà nísàlẹ̀, kí ó wà láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí ó súnmọ́ iwájú, kí a sì fi okùn dè é. Ẹrù fúyẹ́ ni kí ó wà lókè. Ẹ má kó àpò sórí òrùlé ọkọ̀. Ẹrù gíga ló ń dojú ọkọ̀ dé ní kọ́nà. Kí awakọ̀ sì rántí pé bí ó bá ti kúrò ní kìlómítà 60 láàárín wákàtí kan tí ó bọ́ sí 80, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ní báyìí, kí ni ẹgbẹ́ lè ṣe? Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ dúró dáadáa lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí sípíríǹgì. Ẹ kọ́kọ́ dín ẹrù kù sí iye tí pátákó wí. Ìyẹn kò ná yín ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà, táyà àti atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà, búṣíǹgì àti yúbóòtù. Lẹ́yìn náà, ṣọ́ọ̀kì. Bí sípíríǹgì bá ti rẹ̀ ní tòótọ́, ẹ pààrọ̀ tọ̀tún tòsì pẹ̀lú irú èyí tí ọkọ̀ náà bá dé, kí ẹ sì jẹ́ kí mẹkáníìkì tún ọ̀pá bíréèkì yẹn wọ̀n bí ọkọ̀ yín bá ní in. Ní ìparí, kí wọ́n ṣe aláínmẹ́ǹtì.

Mo mọ ohun tí akápò kan ń rò. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, “Bí a bá gbé àpò 17 dípò 30, ìrìn méjì la ó rìn, owó epo ńkọ́?” Òótọ́ ni, owó epo yóò lé sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀: bíléèdì ẹ̀ẹ̀mẹta, wẹ́dà ẹ̀ẹ̀mẹta, táyà tó tètè jẹ, ọgbọ̀n àpò tó dànù, àtúnṣe iwájú ọkọ̀, owó ilé ìwòsàn. Nígbà tí ẹgbẹ́ yẹn ro wọ́n pọ̀, owó tí wọ́n rò pé àwọn tọ́jú ti lọ, ó sì mú òmíràn dání lọ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ohun mẹ́ta ni mo wá ń bẹ̀ yín fún. Èkíní, kí ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìnáwó fún ọkọ̀, kí ẹ má kàn kọ “àtúnṣe” lásán. Kí bíléèdì ní ìlà tirẹ̀, kí ṣọ́ọ̀kì ní tirẹ̀, kí táyà ní tirẹ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ yóò fi àrùn hàn kí ó tó di ikú. Èkejì, kí àwọn ẹgbẹ́ tí ọkọ̀ wọn jẹ́ irú kan náà pawọ́ pọ̀ ra ṣọ́ọ̀kì àti búṣíǹgì tuntun, dípò kí olúkúlùkù máa ṣa àlòkù lọ́jà Ládipọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí a ṣe ń ra fúláwà pọ̀ náà ni kí a máa ra ohun èlò ọkọ̀ pọ̀. Ẹ̀kẹta, bí awakọ̀ bá sọ pé nǹkan kan ń ṣe ọkọ̀, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìpàdé má sì tú láìjẹ́ pé a ti yan ẹni tí yóò lọ wò ó. “Kí ó máa rọra wà á” kì í ṣe ìdáhùn.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yẹn ṣe parí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pe ìpàdé gbogboogbò. Mo ka ìwé ìnáwó àti gbólóhùn yẹn sí wọn létí, mo sì ka ìwé àyẹ̀wò tèmi náà, èyí tí mo fi yìn wọ́n. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá àgbà kan tó ń ta búrẹ́dì dìde, ó ní bí ó bá jẹ́ pé ọmọ òun ló wà nídìí sítíárìnì yẹn ńkọ́? Wọ́n dìbò. Wọ́n wọ́gi lé owó tí wọ́n fẹ́ máa yọ, ẹgbẹ́ sì gba ìtọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ rù. Òun ló ń mójútó ilé ìkẹ́rùsí wọn báyìí. Ó ń tiro díẹ̀. Kò sí àpò tí ń wọ ọkọ̀ wọn mọ́ tí kò kọ́kọ́ kà, bí ó bá sì ti pé mẹ́tàdínlógún, yóò ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ lọ ka iye tí ó wà lára pátákó ọkọ̀ tiyín. Bí mo bá tún dé ọ̀dọ̀ yín fún àyẹ̀wò, n ó béèrè rẹ̀ kí n tó béèrè ìwé owó.

Ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀nà yóò máa dán fún yín.